Bí Ẹ Ṣe Máa Wakọ̀ Gba Rọ́nwéè Kọjá Láì Pàdé Bàálù Lórí Rẹ̀

Ìbéèrè kan náà ni àwọn awakọ̀ tuntun inú pápákọ̀ òfurufú ń bi mí ṣáá, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sídìí tánkà epo, àwọn tó ń gé koríko àti àwọn tó ń gbé oúnjẹ lọ sínú bàálù: “Ṣé tí mo bá wo òsì, tí mo wo ọ̀tún, tí mi ò rí nǹkan kan, mi ò lè kọjá ni?”

Rárá o. Rọ́nwéè, ibi tí bàálù ti ń gbéra, tó sì ń balẹ̀ sí, kì í ṣe títì márosẹ̀. Ojú yín kò lè fún yín láyè níbẹ̀, ẹnu táwà, ìyẹn àwọn tó ń darí bàálù àti ọkọ̀ láti ilé gogoro, nìkan ni àyè ti ń wá. Bàálù ńlá tó ń bọ̀ wá balẹ̀ máa ń sáré tó nǹkan bí mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó wà ní kìlómítà méjì sí yín, tó dà bí ẹyẹ lásán lójú ọ̀run, á ti dé ọ̀dọ̀ yín kí ìdajì ìṣẹ́jú tó pé. Tánkà tó kún fún epo kì í yára gbéra báyẹn.

Pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú yín wà. Ṣùgbọ́n àwọn àwọ̀ àti àmì tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí, àwọn náà ni wọ́n ń lò ní Kútọnu, Lomé àti Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ mọ ilẹ̀ tí táyà yín wà lórí rẹ̀

Ilẹ̀ mẹ́ta ló wà nínú ọgbà, òfin wọn kò sì bára mu.

- Apron: ibi tí bàálù ń dúró sí kí èrò wọlé, kí wọ́n da epo sí i, kí wọ́n kó ẹrù. Ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀dà yà fún mọ́tò wà níbẹ̀. Ẹ lè gbà á láì bá táwà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bàálù ló ni iwájú nígbà gbogbo.
- Tásíwéè: ọ̀nà tí bàálù ń yí gbà láti apron lọ sí rọ́nwéè. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè kí ẹ tó wọ̀ ọ́.
- Rọ́nwéè: ibi tí bàálù ti ń gbéra, tó sì ń balẹ̀ sí. Àyè tí ẹ gbà fún tásíwéè kò kàn án rárá.

Orúkọ rọ́nwéè ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́wàá ibi tí kọ́ńpáàsì kọjú sí: 18 ni ìwọ̀n 180, ìyẹn gúúsù, 36 ni ìwọ̀n 360, ìyẹn àríwá. Torí náà, rọ́nwéè kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ méjì. Ní Ìkẹjà, rọ́nwéè méjì ló tò síra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní òsì (L, “Left”) àti ọ̀tún (R, “Right”). Èyí tí a ń pè ní ti abẹ́lé ni 18L, ṣùgbọ́n tí bàálù bá gba ìdí kejì wọlé, 36R ló ń jẹ́. Èyí tí a ń pè ní ti òkè òkun, tó gùn tó mítà 3,900, ni 18R, òun kan náà sì ni 36L. Ẹ rí i pé “Left” ti ìhín ni “Right” ti ọ̀hún. Ẹ má fi ọwọ́ òsì yín tí ẹ fi di ṣíárìn mú mọ̀ ọ́n o. Nọ́ńbà àti lẹ́tà ni kí ẹ máa gbọ́ papọ̀.

Kí ẹ tó tan mọ́tò

- Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ inú pápá wà lọ́wọ́ yín. Káàdì ODC tí FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, fún yín láti máa wọlé kì í ṣe ìwé àṣẹ ìwakọ̀.
- Rédíò ọwọ́ ti gba iná kún, ẹ sì ti dán an wò pẹ̀lú “radio check”.
- Iná yẹ́lò orí ọkọ̀ ń yí, ó sì ń tàn.
- Máàpù pápá wà nínú ọkọ̀. Ẹ wo àwọn ibi tí wọ́n fi òbìrí yí ká lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti sábà máa ń ṣìnà.
- Ẹ ti béèrè bóyá tásíwéè kankan wà ní títì lónìí, bóyá wọ́n sì ti pààrọ̀ rọ́nwéè tó ń ṣiṣẹ́.
- Ẹrù ẹ̀yìn ọkọ̀ ti dè pinpin.
- Fóònù yín ti kú, kò sì sí nǹkan kan létí yín àfi ti rédíò. Mi ò fẹ́ gbọ́ “ìyàwó mi ló pè”.

Ẹ ka àwọ̀ bí ẹni ń ka ìwé

Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ fi èyí sọ́kàn: ọ̀dà funfun nílẹ̀, rọ́nwéè ni; ọ̀dà yẹ́lò nílẹ̀, tásíwéè ni. Tí ẹ bá ṣàdédé rí funfun lábẹ́ táyà yín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ẹ wá síbẹ̀, ẹ ti kó sí i nìyẹn. Ẹ fò lọ sí apá tó gbẹ̀yìn ìtọ́sọ́nà yìí.

Ìlà tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo pápá ni ìlà ìdúró. Ìlà yẹ́lò mẹ́rin ló tẹ̀ lé ara wọn: méjì gùn láìjá, méjì já wẹ́wẹ́. Ẹ ò nílò láti há a sórí, ẹ ṣáà wo èyí tó kọjú sí yín:

- Tó bá jẹ́ èyí tí kò já ló kọ́kọ́ kàn yín, ẹ dúró. Rọ́nwéè ló wà níwájú.
- Tó bá jẹ́ èyí tó já wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ kàn yín, ẹ ń jáde kúrò lórí rọ́nwéè. Ẹ máa lọ, ẹ má dúró títí ìdí ọkọ̀ yín á fi kọjá ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọkọ̀ tó ń fa nǹkan lẹ́yìn ni kó ṣọ́ra jù níbí. Mo ti rí ẹni tó dúró, tó ń bá táwà sọ pé òun ti kúrò, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń fà ṣì na ìrù sórí rọ́nwéè.

Pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà ń sọ tirẹ̀. Lẹ́tà funfun lórí pupa jẹ́ àṣẹ: ẹ má kọjá láìgba àyè. Lẹ́tà yẹ́lò lórí dúdú ń sọ ibi tí ẹ wà. Lẹ́tà dúdú lórí yẹ́lò ń júwe ibi tí ọ̀nà ń lọ.

Ní alẹ́, iná ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dà. Búlúù ló wà létí tásíwéè, àwọ̀ ewé ló wà láàárín rẹ̀, funfun ló wà létí rọ́nwéè. Iná yẹ́lò méjì tó ń ṣẹ́jú ní ìkọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan ń kú tí èkejì ń tàn, ń kìlọ̀ fún yín pé rọ́nwéè ti dé. Tí ẹ bá sì rí iná pupa tó tò ní ìbú ọ̀nà, ìyẹn stop bar, ẹ má kọjá rẹ̀ nígbà tó ń tàn. Kódà tí ohùn kan bá ní kí ẹ kọjá, tí iná náà ò sì kú, ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ sọ fún un pé ó ṣì ń tàn. Ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn kì í ṣe àyè.

Bí ẹ ṣe máa gba àyè, látìbẹ̀rẹ̀ dópin

Ká ní orúkọ yín lórí rédíò ni “Tanker 4”, ẹ sì fẹ́ gba 18L kọjá láti ìlà ìdúró tó ń jẹ́ Bravo. Bravo yìí, àpèjúwe lásán ni, máàpù yín ni kí ẹ wò fún orúkọ gidi. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ lórí rédíò, mo sì fi í sílẹ̀ bó ṣe rí kí ẹ lè mọ̀ ọ́n sétí.

1. Ẹ dúró pátápátá lẹ́yìn ìlà. Kì í ṣe lórí ìlà. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́.
2. Ẹ gbọ́ ná, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹni kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí èèyàn méjì bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ariwo bí ìfé ni gbogbo ayé máa gbọ́.
3. Ẹ sọ ohun mẹ́rin ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé: ẹni tí ẹ ń pè, orúkọ yín, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ fẹ́. “Lagos Ground, Tanker 4, at holding point Bravo, request cross runway 18 Left.” Wọ́n lè ní kí ẹ lọ sórí ìkànnì mìíràn, torí ní ọ̀pọ̀ pápá, ẹni tó ń darí ilẹ̀ kọ́ ló ni rọ́nwéè. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.
4. Ẹ mọ ìdáhùn tí wọ́n fún yín. “Hold short runway 18 Left” túmọ̀ sí pé ẹ wà níbi tí ẹ wà, kò túmọ̀ sí pé kí ẹ máa wọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. “Stand by” túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́ yín, wọ́n á padà sí yín. Kò sí àyè nínú rẹ̀. “Tanker 4, cross runway 18 Left, report vacated” nìkan ni àyè.
5. Ẹ dá a padà bí ẹ ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú orúkọ rọ́nwéè àti orúkọ yín: “Crossing runway 18 Left, Tanker 4.” Tó bá jẹ́ hold short ni, ẹ dá ìyẹn náà padà. Ẹ fún wọn láàyè díẹ̀ kí ẹ tó gbéra, torí tí ẹ bá ti ṣì í gbọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n máa pè yín padà.
6. Ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òkè. Àyè wà lọ́wọ́ yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èèyàn ló wà nínú táwà, èèyàn sì lè gbàgbé. Tí ẹ bá rí iná bàálù tó kọjú sí yín, ẹ má gbéra, ẹ béèrè.
7. Ẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ní gbọọrọ. Ẹ má dúró, ẹ má yí padà, ẹ má pààrọ̀ ọ̀nà, ẹ má sọ̀kalẹ̀ mú fìlà tó bọ́.
8. Ẹ ròyìn. Ìgbà tí odindi ọkọ̀ bá ti kọjá ìlà ìdúró ti òdìkejì ni kí ẹ tó sọ pé: “Tanker 4, runway 18 Left vacated.”

Ohun tó ṣe kókó nínú gbogbo èyí kò gùn. Tí ẹ kò bá gbọ́ orúkọ yín, ọ̀rọ̀ náà “cross”, àti orúkọ rọ́nwéè nínú gbólóhùn kan náà, wọn ò tíì fún yín láyè.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí

“Roger” tí wọ́n sọ di àṣẹ. Roger túmọ̀ sí “mo gbọ́”, ó parí síbẹ̀. “OK” tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ní Tenerife, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1977, bàálù KLM àti ti Pan Am kọ lu ara wọn lórí rọ́nwéè nínú kùrukùru, èèyàn 583 ló kú. Táwà ti kọ́kọ́ sọ “OK” fún KLM kí ó tó fi “stand by” tẹ̀ ẹ́. Ibi tí ó ti ń sọ ìyókù ni Pan Am náà ti ń pariwo pé àwọn ṣì wà lórí rọ́nwéè, ohùn méjèèjì sì pa ara wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Kí ọkàn èèyàn ti kọjá kí àyè tó dé. Ní pápákọ̀ Haneda, Tokyo, ní ọjọ́ 2 oṣù Kíní ọdún 2024, wọ́n ní kí bàálù kékeré àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lọ dúró síbi ìlà ìdúró, wọ́n sì sọ fún un pé òun ló wà ní ipò kíní. Ó dá ọ̀rọ̀ náà padà dáadáa, síbẹ̀ ó wọ rọ́nwéè. Bàálù Japan Airlines tó ń balẹ̀ gbá a. Èèyàn 379 tó wà nínú ti Japan Airlines jáde láàyè, ṣùgbọ́n márùn-ún nínú àwọn mẹ́fà tó wà nínú ti ẹ̀ṣọ́ kú. Pé ẹ ló kàn kò ní kí ẹ máa lọ.

“Ìdánrawò lásán ni.” Èyí kan ẹ̀yin panápaná gan-an. Ní Lima, orílẹ̀-èdè Peru, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ọkọ̀ panápaná tó ń ṣe ìdánrawò wọ rọ́nwéè nígbà tí bàálù LATAM ń sáré láti gbéra. Gbogbo èèyàn inú bàálù ló yè, àwọn panápaná inú ọkọ̀ ló bá a lọ. Àwọn ará pápá àti àwọn ará táwà kò jókòó fẹnu kò dáadáa ṣáájú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lò lórí rédíò kò ṣe tààrà.

Títẹ̀ lé ọkọ̀ iwájú. Àyè ẹni iwájú kì í ṣe tiyín, àfi tí táwà bá mọ̀ pé ẹ̀ ń tẹ̀ lé e, tó sì kà yín mọ́ ọn.

Dídáhùn sí orúkọ ẹlòmíràn. “Tanker 4” àti “Tanker 14” jọra létí ẹni tó ti rẹ̀. Èmi náà ti jẹ ẹ́ rí. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, mo gbọ́ àyè tí wọ́n fún ọkọ̀ mìíràn, mo sì tú bíréèkì. Ọmọ iṣẹ́ tó jókòó tì mí ló gbá mi lọ́wọ́: “Bọ̀ọ̀sì, kì í ṣe àwa o!” Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ní kí ẹni tó bá bá mi jókòó tún ohun tó gbọ́ sọ fún mi kí n tó tẹ epo. Tí ohun tí èmi àti òun gbọ́ ò bá bára mu, mo tún béèrè ni.

Ojú títì. “Say again”, ìyẹn “ẹ tún un sọ”, kò lè ba iṣẹ́ yín jẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n lé nítorí ó sọ ọ́.

Tí ẹ bá lè ṣe é láì kọjá rárá

Ọ̀nà tó yí pápá ká gùn, ó ń jẹ epo, ọ̀gá á sì máa ráhùn pé ẹ pẹ́. Ẹ gba ibẹ̀. Rọ́nwéè tí ẹ kò dé kò lè pa yín lára. Tí kò bá sí ọ̀nà àyíká, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ọkọ̀ “Follow Me” tó máa ṣíwájú yín, kí awakọ̀ rẹ̀ máa bá táwà sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó máa pẹ́ lórí rọ́nwéè, bíi gígé koríko etí rẹ̀ tàbí títún iná rẹ̀ ṣe, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá tì í pa fún yín. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ máa yọ́ ọ ṣe láàárín bàálù kan sí èkejì.

Tí rédíò bá kú

Tí ẹ kò bá tíì wọ rọ́nwéè, ẹ má wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ ló kú sí, ẹ parí kíkọjá tí wọ́n ti fún yín láyè fún, ẹ dúró lẹ́yìn ìlà ti òdìkejì, ẹ kọjú ọkọ̀ sí táwà, kí ẹ sì máa wo iná tí wọ́n máa tàn sí yín:

- Àwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú: ẹ lè kọjá, tàbí kí ẹ wọ tásíwéè.
- Pupa tí kò ṣẹ́jú: ẹ dúró.
- Pupa tó ń ṣẹ́jú: ẹ kúrò lórí rọ́nwéè tàbí tásíwéè, kí ẹ ṣọ́ra fún bàálù.
- Funfun tó ń ṣẹ́jú: ẹ jáde kúrò lágbègbè náà bí òfin pápá yín ṣe wí.

Tí gbogbo iná etí rọ́nwéè tàbí tásíwéè bá ń ṣẹ́jú pọ̀, ẹ kúrò lórí rọ́nwéè kíá, kí ẹ wá wo táwà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ṣiṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, ẹ tún èyí kọ́ níbẹ̀, torí ìtumọ̀ iná tiwọn yàtọ̀ díẹ̀.

Ọyẹ́, kùrukùru àti alẹ́

Nígbà ọyẹ́, eruku lè bo ojú ọ̀run débi pé ẹ ò ní rí táwà, táwà náà ò sì ní rí yín. Ẹ rántí pé ohùn yín nìkan ni wọ́n fi ń rí yín lákòókò náà. Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì máa ka gbogbo pátákó sókè. Tí iṣẹ́ náà bá lè dúró, ẹ jẹ́ kó dúró.

Tí ẹ bá ṣìnà, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ẹ ti ṣìnà. Ní Linate, nílùú Milan, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, bàálù kékeré kan ya tásíwéè tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú kùrukùru. Àmì ilẹ̀ ibẹ̀ kò dára, táwà sì rò pé ibòmíràn ló wà. Ó já sójú rọ́nwéè níwájú bàálù SAS tó ń gbéra. Èèyàn 118 ló kú.

Ohun tó já bọ́, àti ẹran

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bóòtù irin, okùn, ọ̀rá, igi kékeré: ẹ mú un tó bá wà lórí apron, ẹ sọ fún táwà tó bá wà lórí rọ́nwéè. Ẹ má sáré lọ mú un. Irin pẹlẹbẹ tó já bọ́ lára bàálù kan ló fa táyà bàálù Concorde ya ní Paris ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2000, èèyàn 113 ló sì bá a lọ.

Ti ẹran, a mọ̀ ọ́n nílé. Bàálù Air France balẹ̀ sáàárín màálù ní Port Harcourt lọ́dún 2005, màálù sì gba rọ́nwéè Àkúrẹ́ lọ́dún 2019. Tí ẹ bá rí ògiri ọgbà tó ti ya, ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ pápá lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí ẹ bá ti wọ rọ́nwéè láìgbàyè

1. Ẹ má padà sẹ́yìn kí ẹ máa wá ojú ìlà. Ẹ gba ibi tó yá jù kúrò, kódà kó jẹ́ orí koríko.
2. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: orúkọ yín, orúkọ rọ́nwéè, àti bóyá ẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Táwà lè ní kí bàálù tó ń bọ̀ gbéra padà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.
3. Ẹ dúró síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ dúró. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí ẹnìkan á fi wá bá yín.
4. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé: aago tó lù, ibi tí ẹ wà, ohun tí ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe gbọ́ ọ gan-an, kì í ṣe bó ṣe yẹ kí ẹ ti gbọ́ ọ. Àwọn olùwádìí lè wá bi yín. Gbogbo ọ̀rọ̀ orí ìkànnì táwà ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, wọ́n á sì gbé ti yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.